Bí tọkọtaya ṣe lè sinmi ọjọ́ méje ní Zanzibar lásìkò ọyẹ́, kí àárẹ̀ má bá wọn padà sí Ìjẹ̀bú

Lọ́dọọdún ni mò ń rí i. Tọkọtaya á fi odidi ọdún dá àjọ, wọ́n á gbéra ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, wọ́n á wọ bàálù lọ sí erékùṣù tí ayé ń wọ́ lọ láti najú, wọ́n á sì padà dé pẹ̀lú ojú tó wọnú. Ìyàwó á ní ẹ̀yìn ń ro òun. Ọkọ á sùn fún ọjọ́ méjì gbáko kó tó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Owó ti lọ, ìsinmi ò sí.

Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn ará ìlú wa to ìrìn-àjò, síbẹ̀ èmi àti ọkọ mi náà kọsẹ̀ níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí a lọ. Ọjọ́ márùn-ún, ibi mẹ́jọ, fóònù tí kò dákẹ́, àti ìjà kan tó ṣì ń dùn mí títí di òní. Ẹ̀ẹ̀kejì la tó mọ̀ pé ìsinmi ní ètò tirẹ̀, bí ìgbéyàwó ṣe ní ètò tirẹ̀. Ohun tí a kọ́ ni mo tò sílẹ̀ yìí, pẹ̀lú ohun tí mo rí lọ́wọ́ àwọn tí mo bá ṣètò.

Zanzibar ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ làwọn ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ mi jù. Abẹ́ orílẹ̀-èdè Tanzania ló wà, ní òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń la ètè wa nílé, tí eruku bo ewé kókò, oòrùn ń ràn níbẹ̀, omi òkun lọ́ wọ́ọ́rọ́, atẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní kaskazi sì ń fẹ́ láti àríwá.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

– Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ó kéré tán, ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò.
– Páásípọ́ọ̀tù ẹ̀yin méjèèjì, tó ṣì ní oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ó padà.
– Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí yellow card.
– Fíìsà Tanzania àti ìnṣọ́ránsì Zanzibar.
– Owó tí ẹ ti pín sí ọ̀nà mẹ́ta: tíkẹ́ẹ̀tì, ibùsùn, àti owó ọwọ́. Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fún ohun tí ẹ ò rí tẹ́lẹ̀. Bí ẹ ò bá ní ìdá yẹn, ẹ dín ọjọ́ kù, kí ẹ má yá owó.
– Ẹnì kan tó gbọ́n, tí yóò dúró ti ilé àti àwọn ọmọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú ọjọ́ tí ilé ò ní fi fà yín padà

Ẹ gbàgbé Oṣù Kejìlá. Ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ìparí ọdún, gbogbo ọmọ ìlú ló ń wálé. Òkú àgbà tí wọ́n ti sún síwájú, ìgbéyàwó, ìṣílé, ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà tí à ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sí Sátidé kan náà. Bí ẹ bá fi ìlú sílẹ̀ nígbà náà, etíkun ni ẹ ó ti máa bẹ àwọn mọ̀lẹ́bí. Owó hòtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ sì máa ń ga jù lọ láti Kérésì títí di ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọdún tuntun, torí ìgbà yẹn làwọn òyìnbó ń sá fún òtútù ilẹ̀ wọn.

Ìdajì kejì Oṣù Kìíní títí dé ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejì ni mo fọwọ́ sí. Ayẹyẹ ti rọlẹ̀ nílé, òjò ńlá tí wọ́n ń pè ní masika kò sì ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ títí di Oṣù Kẹta. Láti Oṣù Kẹta dé Oṣù Karùn-ún, òjò lè dè yín mọ́ yàrá, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn a tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í: wọn kì í wo ìgbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù lọ ní Zanzibar. Lásìkò ààwẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ nínú ìlú kì í ṣí lọ́sàn-án, jíjẹ àti mímu ní gbangba sì jẹ́ àfojúdi sí wọn. Ní 2027, nǹkan bí ọjọ́ 8 Oṣù Kejì ni a retí pé ààwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, bí oṣù bá ti yọ sí. Tọkọtaya Mùsùlùmí tó bá fẹ́ lọ gbààwẹ̀ níbẹ̀ yóò gbádùn rẹ̀ gan-an, àmọ́ kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yàn án.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ìsìn Holy Ghost ti àwọn Rìdíìmù ń wáyé lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀nà kan náà tí ẹ ó gbà dé Ìkẹjà. Ẹ má fi bàálù yín sí ọjọ́ yẹn.

Àyẹ̀wò: Ẹ sọ ọjọ́ náà fún ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sọ pé "ọjọ́ yẹn kọ́ la fẹ́ ṣe báyìí-báyìí?", ọjọ́ yín ti dúró.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jókòó, kí ẹ sọ ohun tí ìsinmi jẹ́ fún yín

Ibí yìí ni ìjà wa ti wá. Ọkọ mi rò pé a ń lọ sùn ni. Èmi rò pé a ń lọ rí nǹkan. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀.

Kí olúkúlùkù mú bébà tirẹ̀, kó kọ ohun mẹ́ta péré tó fẹ́, láìwo ti ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ ka á síra yín létí. Nígbà tí a ṣe tiwa lẹ́ẹ̀kejì, mo bi í pé, "Bàbá Tóbi, kí lẹ kọ?" Ó ní, "Kí n sùn títí oòrùn á fi ga. Kí n jẹ ẹja tútù. Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ọ̀gá." Mo wo tèmi: àwọn ọ̀bọ pupa inú igbó Jozani, ọjà alẹ́, àti kí a máa rìn létí omi ní ìrọ̀lẹ́ láìsí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bọ́ sínú ọjọ́ méje láìsí wàhálà. Ọdún tó ṣáájú, a ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin tí mo ń fún àwọn tí mo bá ṣètò ni pé ìjáde mẹ́ta péré ni kó wà nínú ọjọ́ méje, kí ìjáde méjì má sì tẹ̀ léra. Ọjọ́ tó kù, kí ó ṣófo. Ó máa ń nira fún wa láti gbà. Ẹni tó ti sanwó tó báyìí á ní òun gbọ́dọ̀ rí gbogbo nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tó ṣófo yẹn gan-an lẹ ń ná owó yín lé lórí.

Ọ̀rọ̀ aṣọ náà ńkọ́? Mo mọ tọkọtaya tó rán ànkò méje, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fi wákàtí méjì wá ibi tí wọ́n á ti ya fọ́tò lárọ̀ọ̀rọ̀. Ànkò kan tó. Ẹ ya fọ́tò yín ní ọjọ́ kan, kí ẹ ká a kúrò nílẹ̀.

Àyẹ̀wò: Ohun mẹ́fà yẹn wà lórí bébà kan ṣoṣo, ẹ̀yin méjèèjì sì lè kà á lórí láìwò ó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìwé, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra

Páásípọ́ọ̀tù ló ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọ̀dọ̀ àwọn Port Health, òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba tó wà fún ẹnu ibodè, ni kí ẹ ti gbà á, kí ó sì ju ọjọ́ 10 lọ ṣáájú ìrìn-àjò, torí kò tíì ní agbára lábẹ́ òfin kó tó pé ọjọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó gbà á láyé. Ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tí kò gún yín lábẹ́rẹ́. Àrùn náà ń pa ènìyàn, àwọn tó wà lẹ́nu ibodè sì mọ ayédèrú káàdì dáadáa.

Fíìsà ló kàn. Fíìsà Tanzania kan náà ló ń gbé ènìyàn wọ Zanzibar. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á, dọ́là 50 ni owó fíìsà arìnrìn-àjò lásán. Àdírẹ́sì ojúewé ìjọba wọn ń parí sí .go.tz. Àwọn mìíràn tó jọ ọ́ wà, tí yóò gba owó ìlọ́po méjì. Ẹ kọ̀wé béèrè ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kí ẹ máa lọ, pé ẹ ó gbà á ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ Nàìjíríà tí kò ní fíìsà lọ́wọ́ lè má ré kọjá káńtà ní Ìkẹjà.

Ìnṣọ́ránsì: láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá 2024, àlejò tó bá ń wọ Zanzibar gbọ́dọ̀ ra ti ìjọba ibẹ̀, lọ́wọ́ Zanzibar Insurance Corporation. Dọ́là 44 ni fún àgbàlagbà kan. Bí ẹ bá tilẹ̀ ní ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò mìíràn, kò rọ́pò rẹ̀. Ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í jù lọ nìyí: orúkọ ìyàwó. Páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ọkọ á sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ní orúkọ tirẹ̀, pẹ̀lú ìfẹ́. Ìfẹ́ yẹn ti jẹ́ kí mo rí ẹni tó ń sunkún ní káńtà. Orúkọ tó bá wà nínú páásípọ́ọ̀tù ni kó wà níbi gbogbo, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lẹ́tà sí lẹ́tà.

Àyẹ̀wò: Ẹ tẹ́ páásípọ́ọ̀tù, káàdì, fíìsà, ìnṣọ́ránsì àti tíkẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì. Kí ọ̀kan nínú yín máa pe lẹ́tà orúkọ àti nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, kí ìkejì máa tọ́ka sí i. Ẹ má ṣe é lórí fóònù. Ojú máa ń fo lẹ́tà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Tíkẹ́ẹ̀tì, àti ọ̀nà Ìkẹjà

Addis Ababa tàbí Nairobi ni ọ̀pọ̀ wa ń gbà kọjá. Ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí méjì àbọ̀, ó kéré tán, láàrin bàálù kan sí èkejì. Àwọn mìíràn ń lọ sí Dar es Salaam, wọ́n á wá wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gba nǹkan bí wákàtí méjì dé Zanzibar. Ó lè dín owó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ọjọ́ kan nínú ìsinmi yín. Èmi ò fọwọ́ sí i fún ọjọ́ méje.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí ẹ rà láti Èkó dé Zanzibar. Bí ẹ bá ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí àkọ́kọ́ pẹ́, ìkejì ò ní dúró dè yín. Ìkùukùu ọyẹ́ a sì máa dá bàálù dúró ní Èkó lóṣù Kìíní. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ó gba Ṣágámù bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀, kí ẹ tó dé Berger. Ẹni tó ń gbé ní Rẹ́mọ sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà ló ń dúró de gbogbo wa. Bí bàálù yín bá ń gbéra ní àárọ̀ tàbí ọ̀sán, ẹ lọ sùn sí Ìkẹjà lálẹ́ tó ṣáájú. Owó yàrá alẹ́ kan yẹn ti gba ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó lọ́wọ́ èébú lójú ọ̀nà.

Ìkìlọ̀ tí mi ò ní fi ṣeré: ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù. Ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ, ìbáà jẹ́ "oògùn ìyá mi ni, ẹnì kan á wá gbà á lọ́wọ́ yín". Ẹ sọ pé rárá, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rí egbòogi olóró nínú rẹ̀, ẹ̀yin ni yóò ṣẹ̀wọ̀n.

Àyẹ̀wò: Tíkẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, awakọ̀ tí yóò gbé yín mọ ọjọ́ àti wákàtí, kò sì sí ẹrù àjèjì kankan nínú ilé.

Ìgbésẹ̀ 5: Yíyan ibùsùn, àti ọ̀rọ̀ omi tó ń fà

Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí yìí ni àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń tan ènìyàn.

Òkun Zanzibar kì í dúró sójú kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà. Nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ló wà láàrin kíkún àti fífà, àkókò náà sì ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Ní ìgbà òṣùpá àrànmọ́jú àti ìgbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, fífà rẹ̀ le jù. A ò mọ irú rẹ̀ ní Badagry tàbí Lekki, níbi tí omi kì í ti lọ jìnnà. Ní etíkun ìlà-oòrùn erékùṣù yẹn, bíi Paje àti Jambiani, omi lè fà tó kìlómítà kan. Ẹ ó jí, ẹ ó sì bá iyanrìn àti àpáta níbi tí ẹ ti lúwẹ̀ẹ́ lánàá. Tọkọtaya kan pè mí láti ibẹ̀ pé wọ́n ti lu àwọn ní jìbìtì, pé òkun tí wọ́n rí nínú fọ́tò kò sí. Òkun wà. Ó ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ni.

Báwo wá ni ẹ ó ṣe yàn?

Àríwá, Nungwi àti Kendwa: omi kì í fà púpọ̀ níbẹ̀, ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ nígbàkigbà, ẹ ó sì rí oòrùn bó ṣe ń wọ̀ sínú òkun. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀, orin ń dún lálẹ́. Bí ẹ bá yan ibẹ̀, ẹ béèrè hòtẹ́ẹ̀lì tó jìnnà sí ilé ijó.

Ìlà-oòrùn, pàápàá Jambiani: ó parọ́rọ́. Nígbà tí omi bá fà, ẹ ó rí àwọn obìnrin tó ń ro oko ewé òkun tí wọ́n ń pè ní mwani, bí àwa ṣe ń ro oko ẹ̀gẹ́. Ìrìn òwúrọ̀ níbẹ̀ dára púpọ̀. Ibẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi fẹ́ràn, torí omi tó fà yẹn fi ipá mú wa jókòó.

Stone Town, ìlú àtijọ́: ó dùn ún wò, UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2000. Kò sí etíkun gidi fún ìsinmi níbẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ há, ariwo wà. Alẹ́ kan tó fún un, ní ìparí ìrìn-àjò, torí ó sún mọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú.

Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ sùn fún alẹ́ márùn-ún. Ẹni tó bá ń kó ẹrù láti hòtẹ́ẹ̀lì dé hòtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ méjì-méjì, awakọ̀ nìkan ló ń rí owó rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi hòtẹ́ẹ̀lì ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì gba èsì tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ṣé yàrá ni iye yìí wà fún ni, àbí orí ènìyàn kọ̀ọ̀kan? Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sábà máa ń ka owó lé orí ènìyàn, tọkọtaya wa á sì débẹ̀ bá gbèsè ìdajì. Ṣé owó orí tí ìjọba ń gbà lálẹ́ kọ̀ọ̀kan ti wà nínú rẹ̀? Bí iná bá lọ, ṣé jẹnẹrétọ̀ ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù? Ṣé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lórí ibùsùn?

Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì ẹnì kan tí ẹ bá pàdé lórí WhatsApp, bí fọ́tò rẹ̀ ti wù kó dán tó.

Àyẹ̀wò: Ẹ wá àtẹ kíkún àti fífà omi òkun Zanzibar fún ọ̀sẹ̀ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ aago tí omi yóò kún ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn bébà ohun mẹ́fà yẹn. Bí ẹ bá lè sọ ìgbà tí ẹ ó lúwẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ kẹta kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ti yege.

Ìgbésẹ̀ 6: Fífi ilé sílẹ̀

Ìsinmi máa ń bàjẹ́ níbí ju ibikíbi lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan kì í kọ ọ́ sínú ètò.

Àwọn ọmọ: ilé-ìwé yóò ti wọlé lóṣù Kìíní. Kì í ṣe pé kí màmá àgbà wà nílé nìkan. Ta ni yóò gbé wọn lọ láàárọ̀, ta ni yóò wo iṣẹ́ àṣetiléwá, dókítà wo ni wọ́n á pè? Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná. Ẹ fi owó oúnjẹ àti owó pàjáwìrì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má retí kí màmá máa béèrè. Ojú á tì wọ́n, wọ́n á fi owó ara wọn ṣe é.

Ìṣọ̀ tàbí iṣẹ́: ẹ sọ fún oníbàárà yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ san àjọ yín sílẹ̀. Ẹ bẹ ìyálájé tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ pé ẹ ò ní sí ní ìpàdé, kí ẹ sì ti san owó oṣù náà, torí ìbínú ẹgbẹ́ ló ń pe fóònù jù.

Fóònù wá kù. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo nílé, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó lè sọ pé "wọn ò sí nítòsí". Gbogbo ìpè ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó gbà kọjá. Ẹ̀yin á pè é lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ní ìrọ̀lẹ́, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ó sì bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí nǹkan gidi bá ṣẹlẹ̀, kó pe hòtẹ́ẹ̀lì ní tààrà; ẹ fún un ní nọ́ńbà.

Ẹ má gbé fọ́tò sórí ìkànnì kankan títí ẹ ó fi padà dé. Ìdí méjì ni. Olè á mọ̀ pé ilé ṣófo. Ẹni tó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ á sì rí i pé ẹ wà létí òkun, ẹ ò ní lè sọ pé kò sí lọ́wọ́ yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tiwa, fọ́tò kan péré ni mo gbé sókè, ènìyàn mẹ́rin ló ti pè kí n tó jẹun ọ̀sán tán. Ọkọ mi gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ jókòó síta nìkan. Ìjà yẹn nìyẹn.

Àyẹ̀wò: Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ dán an wò ní Sátidé kan. Ẹ pa fóònù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kí ẹni tí ẹ yàn máa gbà ìpè. Ohun tó bá dàrú lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹrù

Àpótí kan fún ẹnì kan. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àti èyí tó bo èjìká dé orúnkún fún àárín ìlú. Èyí kan ọkùnrin náà. Bàtà rọ́bà tí a lè wọ̀ wọ omi, torí ẹran òkun dúdú kan wà láàrin àpáta tí ẹ̀gún rẹ̀ rí bíi ti òòrẹ̀, ó sì ń dùn ènìyàn bí iná bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ìpara oòrùn, bí ara yín tilẹ̀ dúdú. Oògùn ẹ̀fọn. Oògùn tí dókítà kọ fún yín, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà.

Ẹ má kó ọ̀rá. Tanzania ti fòfin de àpò ọ̀rá láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹfà 2019, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ yín níbodè. Àwa tí a máa ń fi ọ̀rá dúdú wé bàtà, tí a fi wé ṣòkòtò, ẹ rọra yẹ inú àpótí wò. Gààrí Ìjẹ̀bú yín, inú ike onídèérí ni kó wà.

Dọ́là tí ẹ ó mú lọ, kí ó mọ́, kí ọdún ara rẹ̀ má ṣáájú 2006. Wọn kì í gba ti àtijọ́. Ṣílè Tanzania lẹ ó ṣẹ́ ẹ sí. Náírà ò wúlò fún yín níbẹ̀. Ẹ bi báńkì yín iye tí káàdì yín lè ná lókè òkun.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ fi aago síwájú ní wákàtí méjì. Kí ẹ tó wọ táksí, ẹ fẹnu kò lórí iye, tàbí kí hòtẹ́ẹ̀lì rán ọkọ̀ wá. Láti pápá ọkọ̀ òfuurufú dé Nungwi tàbí Jambiani gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wakọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọdá, ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ di ọwọ́ ara yín mú ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ojú wa ti mọ́ òdìkejì.

Aago wọn nínú èdè Kiswahili yàtọ̀. Láti ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n ti ń kà á. Saa mbili, tó túmọ̀ sí wákàtí méjì, aago mẹ́jọ àárọ̀ tiwa ni. Ẹ fi mẹ́fà kún un, tàbí kí ẹ bi ẹni tó fẹ́ gbé yín pé, "Ṣé aago òyìnbó ni?"

Inú mi máa ń dùn sí ìkíni wọn. Ọmọdé tó bá pàdé àgbà á ní "Shikamoo", àgbà á dáhùn "Marahaba". Ẹ kí àwọn àgbà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i bí ojú wọn ṣe máa là. Ẹni tó bá ń fi ọjà tẹ̀ lé yín létí òkun, "Hapana, asante" tó, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ sùn. Ẹ má ṣètò ohunkóhun.

Àyẹ̀wò: Kí oòrùn tó wọ̀, àpótí ti ṣí, fóònù ti wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹ ò sì tíì bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn ìjáde ọ̀la.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọjọ́ tó wà láàrin

Ìjáde mẹ́ta tí mo fọwọ́ sí: igbó Jozani fún àwọn ọ̀bọ pupa tí kò sí níbòmíràn láyé yàtọ̀ sí àgbègbè Zanzibar, oko kànáfùrù àti àwọn èròjà ọbẹ̀, níbi tí ẹ ó ti fọwọ́ kan igi tí ohun tí ẹ ń rà lọ́jà Òkè-Ajé ti ń so, àti ọjà alẹ́ Forodhani ní Stone Town, níbi tí wọ́n ti ń sun ẹja lójú yín. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ sí méjì àkọ́kọ́. Oòrùn ibẹ̀ mú gan-an lóṣù Kìíní, òùngbẹ á gbẹ yín kí ẹ tó mọ̀. Mi ò fọwọ́ sí ọkọ̀ tí ń lépa àwọn ẹja lámùsóò, tí òyìnbó ń pè ní dolphin, ní Kizimkazi; wọ́n ń dà wọ́n láàmú, ẹ̀yin náà á sì wà lórí omi láti òwúrọ̀ kùtù.

Ọ̀pọ̀ wa ò mọ ìwẹ̀ẹ́ lú, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Kí omi má kọjá àyà. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó kí ó tó ṣí. Bí awakọ̀ bá ní kò sí, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Nípa ìfẹ́ ní gbangba: ẹ lè di ọwọ́ ara yín mú, àmọ́ ẹnu-kò-ẹnu, inú yàrá ni.

Ní ọjọ́ kejì tàbí kẹta, ara á máa yún yín láti ṣe nǹkan. Ó máa ń ṣe gbogbo wa. Ẹni tó ti ń jí ní aago márùn-ún láti ogún ọdún, ara rẹ̀ ò mọ̀ pé òun lè dúró. Ẹ jẹ́ kó kọjá. Ẹ lọ rìn nígbà tí omi bá fà, ẹ padà, ẹ rẹ gààrí, ẹ sùn ọ̀sán. Ọjọ́ kẹrin ni ọ̀rọ̀ gidi máa ń jáde lẹ́nu ọkọ mi, ọ̀rọ̀ tí kò rí àyè sọ láti ìgbà tí a ti bí ọmọ kejì.

Àyẹ̀wò: Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ bi ara yín láìwo fóònù pé òní jẹ́ ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀. Bó bá gba ẹ̀yin méjèèjì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti rí i, ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá dáhùn kíá, tó tún fi orúkọ oníbàárà kan kún un, ẹ fagi lé ìjáde tó kù.

Ìgbésẹ̀ 10: Pípadà

Ẹ ra kànáfùrù nínú páálí kéékèèké fún ìyá méjèèjì, fún ẹni tó dúró ti ilé, àti fún ẹni tó gba ìpè. Ẹ má kó ìkarahun òkun tàbí iyùn láti etíkun. Òfin ò gba kí ẹ gbé e jáde láìní ìwé àṣẹ.

Ẹ má padà ní alẹ́ Sọ́ńdè. Ẹ jẹ́ kí bàálù gbé yín dé Èkó ní Ọjọ́bọ̀ tàbí Jímọ̀ tí kì í ṣe àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí ẹ sùn sí Ìkẹjà bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ẹ wọ Ìjẹ̀bú lójú mọmọ. Sátidé, ẹ wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹ má lọ òde, kódà bí aṣọ ẹbí bá ti wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni kí ẹ tó kéde pé ẹ ti dé.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: Lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, kí agogo ìjí tó dún, ṣé ẹ ti jí fúnra yín, tí ara ò sì ro yín?